My Bloody Valentine àti ìyípadà láti orin punk sí shoegaze

My Bloody Valentine jẹ́ ẹgbẹ́ olórin tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Dublin, ní orílẹ̀-èdè Ireland, ní ọdún 1983. Àwọn mẹ́rin tí a mọ̀ jù lọ nínú ẹgbẹ́ náà ni Kevin Shields, tó ń ta gìtá tó sì ń kọrin. Bilinda Butcher, tí òun náà ń ta gìtá tó sì ń kọrin. Debbie Googe, tó ń ta gìtá béèsì. Àti Colm Ó Cíosóig, tó ń lu ìlù. Ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú orin tó ti ara punk wá, orin líle tó kún fún igbe. Láàárín ọdún 1987 sí 1991, ohùn wọn yí padà di èyí tó rọ̀, tó ń fì, tó sì dà bí ohun tí ènìyàn ń gbọ́ lójú àlá. Àwo orin wọn méjì, Isn't Anything (1988) àti Loveless (1991), wà lára àwọn iṣẹ́ tó fi ìpìlẹ̀ irú orin tí à ń pè ní shoegaze lélẹ̀.

Ohun kan mú kí ìyípadà yìí yàtọ̀. Bí olórin bá fẹ́ kí orin òun rọ̀, ohun tó sábà máa ń ṣe ni kí ó dín ariwo kù. My Bloody Valentine kò dín in kù; ńṣe ni ariwo wọn ń pọ̀ sí i. Ìlò ariwo náà ni wọ́n yí padà. Ohun tí àwọn ẹgbẹ́ punk ń jù lu olùgbọ́ bí òkò ni àwọn fi bò ó bí aṣọ.

## Punk àti shoegaze

Orin punk gbilẹ̀ ní New York àti Lọ́ńdọ̀nù ní àárín àwọn ọdún 1970. Orin náà kúrú, ó yára, ohun èlò rẹ̀ kò sì sábà ju gìtá, béèsì àti ìlù lọ. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí rẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni ló lè dá ẹgbẹ́ olórin sílẹ̀, kódà bí kò tíì mọ gìtá ta dáadáa. Akọrin ló máa ń wà níwájú. Ó ń wo àwọn ènìyàn lójú, ó sì ń ké sí wọn.

Orúkọ shoegaze jáde láti ọwọ́ àwọn oníròyìn orin ní Britain ní nǹkan bí ọdún 1990. Wíwo bàtà ni ìtumọ̀ rẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n sì fi ṣe. Àwọn olórin tí wọ́n ń sọ ọ́ fún máa ń dúró sójú kan lórí ìtàgé, wọn a sì máa wo ilẹ̀, níbi tí àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà wà. Nínú orin wọn, gìtá ló máa ń gba gbogbo àyè, ohùn akọrin á sì rì sínú rẹ̀ tí ó fi máa ń ṣòro láti gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi rò pé irú orin méjèèjì kò lè bára wọn tan: ọ̀kan ń kojú ènìyàn, èkejì ń dorí kodò.

## Ìbẹ̀rẹ̀ ní Dublin

Ìlú New York ni wọ́n bí Kevin Shields sí ní ọdún 1963, ọmọ Ireland sì ni àwọn òbí rẹ̀. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà tí ìdílé rẹ̀ kó padà sí Ireland. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, ó pàdé Colm Ó Cíosóig níbi ìdíje karate ní Dublin, àwọn méjèèjì sì di ọ̀rẹ́. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ punk kan tó ń jẹ́ The Complex, níbi tí Liam Ó Maonlaí, tó wá di gbajúmọ̀ nínú ẹgbẹ́ Hothouse Flowers, ti bá wọn kọrin fún ìgbà díẹ̀.

Ní ọdún 1983, Shields àti Ó Cíosóig dá ẹgbẹ́ tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú akọrin kan, Dave Conway. Orúkọ tí wọ́n mú, My Bloody Valentine, jẹ́ orúkọ fíìmù abanilẹ́rù kan tó jáde ní Canada ní ọdún 1981. Ohùn Conway rinlẹ̀, ó sì máa ń han bí ẹni tó ń bínú. Orin wọn nígbà náà jọ ti The Cramps àti The Birthday Party, àwọn ẹgbẹ́ méjì tí wọ́n ti mú punk lọ sí ọ̀nà òkùnkùn àti ìbẹ̀rù.

Dublin kò fi bẹ́ẹ̀ gbà wọ́n. Gavin Friday, akọrin ẹgbẹ́ Virgin Prunes, gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n jáde kúrò ní Ireland. Wọ́n gba ìmọ̀ràn náà ní ọdún 1984. Wọ́n kọ́kọ́ ṣeré ní ìlú Tilburg ní Nẹ́dálándì, lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ gbé ní Berlin ní Jámánì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́, This Is Your Bloody Valentine, ti jáde ní ọdún 1985. Iṣẹ́ náà kò gba àfiyèsí púpọ̀, ní ọdún yẹn kan náà sì ni wọ́n kó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní Lọ́ńdọ̀nù ni Debbie Googe ti dara pọ̀ mọ́ wọn. Òun náà ti wà nínú ẹgbẹ́ punk kan tẹ́lẹ̀, tó ń jẹ́ Bikini Mutants.

## Ọdún 1985 sí 1987

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1985, ẹgbẹ́ The Jesus and Mary Chain láti Scotland gbé àwo orin Psychocandy jáde. Àwo náà fi hàn pé orin tó dùn létí, tó rọrùn láti kọ mọ́ ènìyàn lẹ́nu, lè wà lábẹ́ ariwo gìtá tó ń ha, kí ọ̀kan má sì ba èkejì jẹ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ní Britain ló kọ́ ẹ̀kọ́ yìí, My Bloody Valentine sì wà lára wọn. Àwọn àwo kéékèèké tí wọ́n ṣe láti ìparí ọdún 1985 dé ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1987, tí Sunny Sundae Smile wà lára wọn, fi hàn pé wọ́n ń kúrò nínú òkùnkùn tí wọ́n bá bọ̀ láti Berlin. Àmọ́ àwọn kan sọ pé àwòkọ lásán ni iṣẹ́ wọn.

Ní ọdún 1987, Dave Conway fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ara rẹ̀ kò le, ó sì fẹ́ di òǹkọ̀wé. Ìṣòro ńlá ni èyí, nítorí akọrin ni ojú tí àwọn ènìyàn fi ń mọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n wá akọrin mìíràn títí tí wọ́n fi rí Bilinda Butcher. Shields fúnra rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí kọrin ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó jẹ́ aláriwo. Ohùn wọn rọ̀, ó sì jọra tó bẹ́ẹ̀ tí olùgbọ́ kì í fi í tètè mọ ẹni tó ń kọrin nínú wọn.

Ibi yìí ni a lè tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí oríta. Bí wọ́n bá ti rí akọrin mìíràn tó ń ké bíi ti Conway, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa bá orin àtijọ́ lọ. Nígbà tí igbe kò sí níwájú mọ́, àyè tó ṣófo náà bọ́ sọ́wọ́ gìtá.

## Isn't Anything (1988)

Ní oṣù Kìíní ọdún 1988, Alan McGee, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ orin Creation Records sílẹ̀, rí wọn níbi eré kan ní ìlú Canterbury, ó sì gbà wọ́n sí ilé iṣẹ́ náà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, àwo kékeré You Made Me Realise jáde. Orin tó fún àwo náà lórúkọ ṣì yára bíi ti punk, àmọ́ orin mìíràn nínú rẹ̀, Slow, ń wọ́ lọ pẹ̀lú gìtá wíwúwo àti ohùn tó jọ ti ẹni tí oorun ń kùn.

Ilé ìgbohùnsílẹ̀ kan ní ìgbèríko Wales ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ nínú àwo orin ńlá tó tẹ̀lé e. Wọ́n ṣiṣẹ́ kíákíá, wọn kì í sì í sùn ju nǹkan bíi wákàtí méjì lọ lálẹ́ kan. Isn't Anything jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún 1988. Nínú rẹ̀, punk àti àlá ń gbé inú ilé kan náà: ìlù Ó Cíosóig ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé, nígbà tí gìtá àti ohùn ń fì lórí rẹ̀ bí ẹni pé wọn kò mọ̀ pé ìlù kan ń sáré nísàlẹ̀. Àwo náà dé ipò kìíní lórí àtẹ àwọn ilé iṣẹ́ orin olómìnira ní Britain.

Wọn kò dá nìkan rin ọ̀nà yìí. Cocteau Twins ti Scotland ti ń lo ohùn bí ohun èlò orin láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Àwọn ẹgbẹ́ Amẹ́ríkà bíi Hüsker Dü, Sonic Youth àti Dinosaur Jr. ti fi hàn pé ọmọ punk lè fi gìtá wá ohun mìíràn yàtọ̀ sí ìbínú. Ní ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ dúdú méjì, Alex Ayuli àti Rudy Tambala, dá A.R. Kane sílẹ̀; àwo orin wọn, 69, jáde ní ọdún 1988 kan náà. Àwọn ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà dreampop, orin àlá, ṣe àpèjúwe iṣẹ́ ara wọn.

## Bí ohùn náà ṣe ń jáde

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé àwọn ẹ̀rọ lọ́kan-ò-jọ̀kan ló bí ohùn My Bloody Valentine. Shields ti ṣàlàyé nígbà púpọ̀ pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ nínú àwọn iṣẹ́ tó sọ wọ́n di olókìkí. Ọwọ́ ni ìpìlẹ̀ ohùn náà.

Àwọn gìtá Fender Jazzmaster àti Jaguar ní ọ̀pá irin kékeré kan nítòsí ìdí okùn wọn. Bí onígìtá bá tẹ ọ̀pá náà, okùn á dẹ̀, ohùn á lọ sílẹ̀. Bí ó bá fà á sókè, okùn á le, ohùn á gòkè. Àwọn mìíràn máa ń tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ta okùn tán, láti fi ṣe ọ̀ṣọ́. Shields máa ń di ọ̀pá náà mú sínú ọwọ́ tó fi ń ta okùn gan-an, tí ó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò ni ọ̀pá náà ń mì. Nítorí náà, kò sí ohùn kan tó dúró sójú kan. Ẹni tó bá ti rí bí onídùndún ṣe ń fún osán ìlù rẹ̀ kí ohùn lè yọ́ láti ìsàlẹ̀ dé òkè yóò tètè lóye rẹ̀, àmọ́ ti Shields kéré gan-an. Ohùn náà kàn ń yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní ipò rẹ̀, ó sì ń padà, títí etí kò fi ní lè sọ pàtó ibi tó wà. Ìlànà yìí ni wọ́n ń pè ní glide guitar.

Ohun kejì ni ìró tó ń bọ̀ lẹ́yìn ohùn. Bí ènìyàn bá pàtẹ́wọ́ nínú gbọ̀ngàn ńlá, ìró náà á kọ́kọ́ lágbára, lẹ́yìn náà ni yóò máa kú lọ. Ẹ̀rọ kan tí ilé iṣẹ́ Yamaha ṣe, tí wọ́n ń pè ní SPX90, lè dojú rẹ̀ délẹ̀: ìró á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á máa wú, á sì dákẹ́ lójijì. Bí wọ́n bá fi èyí sára gìtá, etí kì í mọ ìgbà tí ọwọ́ kan okùn mọ́. Nínú punk, gbígbá okùn ni agbára orin wà. Níhìn-ín, gbígbá náà pòórá, agbára nìkan ló ṣẹ́ kù.

Ohun kẹta ni ohùn ènìyàn. Shields àti Butcher ń kọrin jẹ́jẹ́, wọn kò sì gbé ohùn náà ga ju gìtá lọ nígbà tí wọ́n ń da gbogbo rẹ̀ pọ̀. Butcher ti sọ pé ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń jí òun ní òwúrọ̀ kùtùkùtù láti wá kọrin, nígbà tí oorun kò tíì dá lójú òun. Ohùn àlá tí àwọn olùgbọ́ ń gbọ́ kì í ṣe ẹ̀tàn lásán, nítorí ẹni tó ń kọrin náà kò tíì jí tán.

## Loveless (1991)

Iṣẹ́ lórí Loveless bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1989. Creation rò pé ọjọ́ díẹ̀ ni yóò gbà. Ó gba ohun tó lé ní ọdún méjì, wọ́n sì lo ilé ìgbohùnsílẹ̀ tó tó mọ́kàndínlógún. Láàárín àkókò yìí, wọ́n gbé àwo kékeré méjì jáde, Glider (1990) àti Tremolo (1991).

Shields ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ara Ó Cíosóig kò yá ní apá kan nínú àkókò náà. Nítorí bẹ́ẹ̀, wọ́n gba ohùn ìlù rẹ̀ sílẹ̀ ní ẹyọ ẹyọ, wọ́n sì tò ó pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Shields náà ló ta béèsì inú àwo náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Googe wà lára rẹ̀. Àwọn ohùn kan wà nínú rẹ̀ tó dà bíi ti fèrè. Ariwo tó ń han láti inú gìtá àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè ni wọ́n gbà sílẹ̀, tí wọ́n sì tún fi dùùrù onínámọ́ná tẹ̀ jáde bí ohùn orin.

Àwo náà jáde ní ọjọ́ 4, oṣù Kọkànlá ọdún 1991. Ó dé ipò kẹrìnlélógún lórí àtẹ àwo orin ní Britain. Ìròyìn tó tàn kálẹ̀ ni pé 250,000 pọ́n-ún ni iṣẹ́ náà ná Creation, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ilé iṣẹ́ náà di onígbèsè tí kò lè dìde mọ́. Shields takò ó, ó ní owó náà kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Bó ti wù kó rí, àárín àwọn méjèèjì kò gún mọ́, Creation sì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn tí àwo náà jáde. Ní ọdún 1992, wọ́n bá ilé iṣẹ́ Island Records ṣe àdéhùn, àmọ́ àwo orin ńlá mìíràn kò jáde lábẹ́ àdéhùn náà. Ọdún 2013, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlélógún, ni àwo wọn kẹta, m b v, tó jáde.

## Lórí ìtàgé

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ẹgbẹ́ náà ti di ẹgbẹ́ jẹ́jẹ́, eré wọn lójúkojú máa ń yí èrò rẹ̀ padà. Nínú orin You Made Me Realise, ibì kan wà tí gbogbo wọn ti máa ń dúró lórí ohùn kan ṣoṣo. Nínú àwo, ó kúrú. Nínú eré tí wọ́n ń ṣe kiri ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ibẹ̀ di ariwo tó lè gba ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú láìsí orin, láìsí ọ̀rọ̀. Àwọn kan ń di etí wọn, àwọn kan ń sá jáde, àwọn mìíràn sì ń sọ pé lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, àwọn bẹ̀rẹ̀ sí gbọ́ ohùn tí ẹnikẹ́ni kò ta nínú ariwo náà. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà padà sórí ìtàgé ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 2008, wọ́n ń pín ohun ìdíwọ́ etí fún àwọn tó wá wòran.

## Ohun tó ṣẹ́ kù lára punk

Ìyípadà yìí kò túmọ̀ sí pé wọ́n kọ punk sílẹ̀. Ariwo tó kọjá ààlà ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ibi tí onígìtá kan ti ń dá ta gìtá láti fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n ta ju ẹlòmíràn lọ, ohun tí punk ti kórìíra láti ìbẹ̀rẹ̀. Ohun èlò wọn ṣì jẹ́ gìtá, béèsì àti ìlù. Ẹ̀mí àdáṣe náà kò kú: nígbà tí m b v jáde, ẹgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde lórí ìkànnì ayélujára rẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ ni èrò pé ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró níwájú láti sọ ohun tí orin túmọ̀ sí fún àwọn ènìyàn.

## Ipa wọn lórí àwọn ẹlòmíràn

Ride ti Oxford, Slowdive ti Reading àti Lush ti Lọ́ńdọ̀nù wà lára àwọn ẹgbẹ́ tí orúkọ shoegaze mọ́ lára ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn oníròyìn yí ojú wọn sí orin mìíràn, a sì rò pé ọ̀rọ̀ náà ti parí.

Àmọ́ àwọn ọ̀dọ́ olórin punk tún rìn ín ní ìgbà tiwọn. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Title Fight láti Kingston ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2003, ṣe orin tó yára, tó kún fún igbe, nínú àwo Shed (2011). Nínú Floral Green (2012), orin kan, Head in the Ceiling Fan, lọ́ra, ó sì ń fì. Nígbà tí Hyperview jáde ní ọdún 2015, ohùn náà ti gba púpọ̀ nínú àwo. Ní ọdún yẹn kan náà, Turnover láti Virginia Beach ṣe irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ nínú Peripheral Vision. Will Yip ló ṣe olùdarí ìgbohùnsílẹ̀ àwo méjèèjì.

Ewu wà nínú irú ìgbésẹ̀ yìí. Àwọn tó ń wá wo ẹgbẹ́ punk máa ń bá akọrin ké ọ̀rọ̀ orin, wọn a sì máa fò láti orí ìtàgé sáàárín èrò. Bí ọ̀rọ̀ orin bá rì sínú gìtá, kò sí ohun tí wọn yóò bá a ké mọ́. Àwọn kan á bínú pé ẹgbẹ́ wọn ti kọ̀ wọ́n sílẹ̀. Ìdáhùn tí ìtàn My Bloody Valentine fún wọn ni pé ẹgbẹ́ lè dákẹ́ igbe láìdákẹ́ ariwo, àti pé ẹni tó dorí kodò lórí ìtàgé lè máa ṣe iṣẹ́ tó gba ìgboyà bíi ti ẹni tó ń wo èrò lójú.